Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi Àǹtí Eléku: iṣẹ́ ìwádìí lórí awọ ara, irun àti jẹjẹrẹ

Ní àdúgbò wa ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́, Àǹtí Eléku ni àwọn ọmọdé ń pè mí. Àwọn àgbà ń pè mí ní Dókítà, wọ́n á sì na apá sí mi kí n bá wọn wo ohun tó ń yún wọn. N kò ta eku rí láyé mi, n kì í sì í wo aláìsàn. Ìwádìí ni iṣẹ́ mi, lórí awọ ara, irun àti jẹjẹrẹ, ó sì ti lé ní 20 ọdún tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ibi yòówù kí n jókòó sí, ní ìnáwó, lẹ́yìn ìsìn, lórí àpótí onídìrí, ìbéèrè kan náà ni. Mo wá kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi. Bí wọ́n ṣe bi mí ni mo ṣe kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń pè mí ní "o", ó jù mí lọ, ẹni tó ń pè mí ní "ẹ", àbúrò ni.

Ṣé dókítà ni ọ́ ni, àbí ìwọ kọ́?

Dókítà ni mí lórí ìwé, mà, ṣùgbọ́n n kò lè kọ oògùn fún yín. Oyè ọ̀mọ̀wé ni tèmi. Dókítà ilé ìwòsàn dà bí mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ṣe kí ẹ lè padà sójú títì lónìí. Èmi ni ẹni tó jókòó ti ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo fún ọdún 4 kó lè mọ ìdí tí nọ́ọ̀tì kan fi ń tú. Ẹ nílò àwa méjèèjì, àmọ́ tí ọkọ̀ yín bá kú sójú ọ̀nà Ìlésà, ẹ má pè mí.

Kí ló wá kan irun pẹ̀lú jẹjẹrẹ? Ṣebí ọ̀tọ̀ ni irun, ọ̀tọ̀ ni àrùn?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn.

Irun tó wà lórí yín, òkú ni. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í dunni tí wọ́n bá gé e. Ààyè rẹ̀ wà nísàlẹ̀, nínú ihò tóóró kan tó wọ inú awọ lọ. Nínú ihò yẹn, sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ bíńtín tí wọ́n para pọ̀ di ara wa, á máa bí sí i, wọ́n á máa ti ara wọn sókè, wọ́n á le, wọ́n á kú, wọ́n á di irun. Irun orí lè wà lẹ́nu èyí fún ọdún 2 sí 6, á sì máa fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 gùn lóṣù. Tó bá yá, àṣẹ á dé pé ó tó. Ihò náà á sún kì láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, á sinmi fún nǹkan bí oṣù 3, irun àtijọ́ á bọ́, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Irun 50 sí 100 ló ń bọ́ lórí èèyàn lójúmọ́ lọ́nà yìí, torí náà ẹni tó bá rí díẹ̀ lára kóòmù rẹ̀ kó má tíì bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Nǹkan kan ń dàgbà, ó dúró nígbà tí wọ́n ní kó dúró, ó sinmi, ó tún dìde, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jẹjẹrẹ náà ń dàgbà, etí rẹ̀ ló di sí "dúró". Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí bíréékì ṣe ń já, kó kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ tí bíréékì rẹ̀ ń mú. Irun ni ọkọ̀ yẹn fún èmi.

Ní 1990, George Cotsarelis, Tung-Tien Sun àti Robert Lavker kéde ohun kan tí wọ́n rí nínú awọ eku. Ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ihò irun ni gbogbo ayé rò pé orísun irun wà. Àwọn wọ̀nyí rí i pé òkè díẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun, fara pa mọ́ sí, níbi tó wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ní ìdojúkọ iṣan kékeré tó ń mú irun ara nà ró nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ìyá àgbà tó di kọ́kọ́rọ́ ilé mú, wọn kì í tètè pín, ṣùgbọ́n tí àkókò bá tó, àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí wọn náà ní orúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Wnt, èkejì ń jẹ́ Sonic hedgehog. (Bẹ́ẹ̀ ni, Sonic inú géèmù tí àwọn ọmọ ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwa onímọ̀ náà máa ń ṣeré.) Hedgehog wà lára ohun tó ń sọ fún ihò irun pé ilẹ̀ ti mọ́, dìde. Ní 1996, wọ́n rí i pé jíìnì kan (ìlànà àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì) tó ń jẹ́ PTCH1, tó yẹ kó máa di Hedgehog mú, ti bàjẹ́ nínú oríṣi jẹjẹrẹ awọ kan tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Oògùn kan tó ń jẹ́ vismodegib wá jáde láti dí ẹnu Hedgehog, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2012. Ẹ mọ ohun tó ń ṣe fún àwọn tó ń lò ó? Jẹjẹrẹ wọn á sún kì, irun orí wọn náà á sì máa bọ́. Ẹnu kan náà ló dí fún méjèèjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo jáde lọ rìn.

Ta ló fi iṣẹ́ yìí mọ̀ yín?

Àbúrò ìyá mi. Onídìrí ni, nítòsí Ọjà Ọba, èmi ni mo sì máa ń bá a di òwú mú lẹ́yìn ilé ìwé. Ó lè wo orí obìnrin kó sọ iye ọmọ tó ti bí àti bóyá ó ń jẹun kánú. Iwájú orí àwọn kan ti sá lọ sẹ́yìn, ẹ̀bátí wọn ń dán. Àǹtí mi á fọwọ́ kàn án, á ní, "Èyí ṣì ń bọ̀," á fọwọ́ kan tẹlòmíràn, á ní, "Èyí ti lọ." Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun kàn mọ̀ ni. Ọdún 15 lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí ìka rẹ̀ ń rí: níbi tí ihò irun ṣì wà, awọ rí kókòkókò díẹ̀, níbi tí àpá ti dí ihò náà pa, ó ń yọ̀ bí àwo tánganran.

Ọ̀nà ìyókù kò ní ìtàn púpọ̀. Mo kọ́ báyókẹ́místìrì ní yunifásítì nílẹ̀ Yorùbá níbí, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo kọ́ ọmọ ilé ìwé gírámà ní kẹ́místìrì láìsí omi nínú lábù, mo ṣe másítáàsì. Sìkọ́láṣíìpù gbé mi lọ sí ìlú Ọba, níbi tí mo ti lo ọdún 4 lórí sẹ́ẹ̀lì irun. Lẹ́yìn náà mo bá wọn ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lórí jẹjẹrẹ awọ, kí n tó padà wálé. Ìwé ìwádìí mi àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo sun ẹkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fọ ojú, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, kí lẹ máa ń ṣe gan-an?

Mo máa ń lọ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì mi ni. Inú àpótí kan tó ń móoru ní dígíríì 37, bí inú ara, ni wọ́n ń gbé, nínú àwo pẹlẹbẹ, nínú omi oúnjẹ tó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi sóbò tí wọ́n là mọ́ omi jù. Tí omi náà bá ti ń di yẹ́lò, ebi ti ń pa wọ́n, mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá di yẹ́lò tó tún dàrú bí omi ògì, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ di dídànù nìyẹn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 3 lè bá a lọ.

Lẹ́yìn náà, máíkírósíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì awọ tó péye máa ń fún mọ́ra wọn bí ọmọ àgbàdo lára ṣúùkù, tí wọ́n bá sì ti fara kan ara wọn yíká, wọ́n á dẹwọ́. Ti jẹjẹrẹ máa ń gun ara wọn lórí bí èrò Ọjà Ọba tí Kérésì bá ku ọ̀la. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì awọ. James Rheinwald àti Howard Green ló fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ní 1975: wọ́n tẹ́ sẹ́ẹ̀lì eku sísàlẹ̀ àwo bí ẹní, wọ́n gbin ti èèyàn lé e lórí, ó sì hù. Nígbà tó fi máa di 1984, irú awọ tí wọ́n hù bẹ́ẹ̀ ti bo ara àwọn ọmọkùnrin 2 kan tí iná jó kọjá ààlà ní Amẹ́ríkà, láti inú ègé awọ kékeré tó ṣẹ́ kù lára wọn. Ní 2017, Michele De Luca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì kéde èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 7 kan wà ní Jámánì tí awọ rẹ̀ ń bó bí ìgbà tí omi gbígbóná dà sí i, torí jíìnì kan tó bàjẹ́ láti inú oyún. Wọ́n mú díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì awọ rẹ̀, wọ́n tún jíìnì náà ṣe, wọ́n hù ú di pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n sì fi bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀. Ó padà sílé ìwé.

Ṣé lóòótọ́ lẹ ń sin eku?

Mo ti sìn wọ́n rí, nígbà tí mo wà lókè òkun. Orúkọ tí wọ́n fún mi nìyẹn, kò sì sí bí mo ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ ló ń fọwọ́ sí i kí a tó fọwọ́ kan eku kan ṣoṣo. A gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iye tí a fẹ́ lò, ìdí rẹ̀, àti bí a ò ṣe ní jẹ́ kó jẹ̀rora.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fẹ́ràn lára eku dúdú. Tí ẹ bá fá irun ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ihò irun ń sinmi, awọ abẹ́ rẹ̀ á rí bí ètè ọmọ tuntun, pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí irun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kí ẹyọ kan tó yọ sójú rárá, awọ náà á máa di eérú, lẹ́yìn náà á dúdú. Inú ihò irun nìkan ni eku yẹn ń pọn àwọ̀ dúdú sí lẹ́yìn ara rẹ̀. Láìgé e, láìgún un, ojú lásán ló máa sọ fún yín pé sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ti jí.

Dókítà, ẹ dákun, oògùn orí pípá ńkọ́?

Àwọn ọkùnrin ló ń bi mí èyí, wọ́n á sì kọ́kọ́ wò yíká kí wọ́n tó ṣí fìlà. Orí pípá ọkùnrin, ìran àti họ́mọ̀nù ló ń fà á: ihò irun á máa kéré sí i títí irun tó ń yọ níbẹ̀ á fi rí bí ti ọmọ ọwọ́. Minoxidil wà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀. Irun ló ń hù lára àwọn tó ń lò ó, ni wọ́n bá sọ ọ́ di oògùn irun, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún orí ní 1988. Finasteride náà wà, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, irun náà á tún fi yín sílẹ̀. Èmi ò ní ìkankan nínú báàgì mi.

Ti obìnrin ló ń dùn mí, torí ọwọ́ wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Dídì tó le koko, atáṣímẹ́ǹtì tó wúwo, wíìgì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ iwájú orí: fífà yẹn lójoojúmọ́ ń ba ihò irun jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá dẹ ọwọ́, irun á padà. Tó bá pẹ́, àpá á dí ihò náà, kò sí òróró tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò tó lè ṣí i. Tí ọmọ bá ń sunkún nígbà tí ẹ ń di ṣùkú fún un, tí kókó kéékèèké yọ ní ìdí irun rẹ̀, ẹ tú u. "Ẹwà kò ní kó má dunni" tí àwọn àgbà ń sọ, orí ọmọ kò gbọ́ irú ẹ̀.

Oríṣi kan tún wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí, tó ń tàn káàkiri, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú. Ìdìrí àti rílásà nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́bi tẹ́lẹ̀. Ní 2019, ìwádìí kan fi hàn pé jíìnì kan tó ń jẹ́ PADI3, tó ń bá irun gba ìrísí rẹ̀, yàtọ̀ nínú àwọn kan lára wọn. Torí náà, ẹ yé bú àwọn ìyá yín pé wọ́n ń fi iná sun orí.

Ṣé àròjù ló ń fa ewú?

Ọjọ́ orí àti ìran ló ń fà á jù. Ìkòkò tí irun ti ń pọn àwọ̀ rẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n bá tán, irun á hù láìní àwọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò ṣì sọ. Ní 2020, wọ́n fi hàn nínú eku pé wàhálà ńlá lè mú kí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ìjàyà káàkiri ara da kẹ́míkà sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ yẹn títí wọ́n á fi lò wọ́n tán láìtọ́jọ́.

Ṣebí òyìnbó nìkan ló ń ní jẹjẹrẹ awọ?

Rárá o, ìgbàgbọ́ yìí sì ń pa èèyàn. Òótọ́ ni pé mẹ́lánìn, àwọ̀ dúdú inú awọ wa, ń ṣe agboòrùn. Jẹjẹrẹ awọ tí oòrùn ń fà kò wọ́pọ̀ lára wa bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà tó ń gbà wọlé.

Èkíní, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Ibẹ̀ ni mẹ́lánómà, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pọn àwọ̀ awọ, ti wọ́pọ̀ jù lára aláwọ̀ dúdú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan oòrùn. Bob Marley tí gbogbo wa mọ̀, abẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kú ní 1981, ọmọ ọdún 36. Ta ló ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀? Ẹni tó ń roko kòkó ní Ìdànrè, tí ẹ̀gún ń gún lójoojúmọ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé èyí kì í ṣe ẹ̀gún? Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni àmì dúdú tó ń fẹ̀, tí etí rẹ̀ kò gún, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Tàbí ìlà dúdú kan lábẹ́ èékánná kan ṣoṣo tó ń fẹ̀ sí i, tó fẹ́ tàn sára awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ èékánná púpọ̀ wọ́pọ̀ lára àwa dúdú, ẹ má fi ìyẹn pa ara yín láyà.

Ìkejì, egbò àdáàjinná àti àpá iná. Egbò tó ti wà lójúgun fún ọdún 15, àpá sítóòfù tó bú gbàmù nígbà èwe, jẹjẹrẹ lè hù níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ Jean-Nicolas Marjolin, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé tó kọ nípa irú egbò bẹ́ẹ̀ ní 1828, ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Tí egbò àtijọ́ bá ṣàdédé wú létí, tó ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀, tó ń hù sókè bí olú, kí wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀tù yìí, ẹ̀tù yẹn, tó ọ̀sẹ̀ mélòó?

Ìkẹta, àwọn àfín. Mo fẹ́ kí tiwọn dá dúró.

Ọmọ mi méjèèjì, àfín ni wọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀bi náà sọ̀ kalẹ̀, ìyá wa. Ẹ kò jẹ iyọ̀ jù nínú oyún, ẹ kò sì jáde lọ́sàn-án gangan. Jíìnì kan tó ń jẹ́ OCA2 ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àfín ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin àti bàbá wọn, kálukú ní ẹyọ kan tó péye àti ẹyọ kan tí abala rẹ̀ sọnù, ìyẹn ni àwọ̀ yín fi dúdú. Ọmọ tó bá gba èyí tó sọnù lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ló ń jẹ́ àfín, ó sì ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ 1 nínú 4, nínú oyún kọ̀ọ̀kan.

Oòrùn ni ọ̀tá wọn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gé ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì já, kò sì sí mẹ́lánìn láti gbà á dúró. Mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin àfín tí kò tíì pé 30, tí egbò ti jẹ etí rẹ̀ lọ. Ọ̀kadà ló ń gùn, láìsí fìlà. Fìlà onígbátí, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìpara agboòrùn tí SPF rẹ̀ (nọ́ńbà agbára rẹ̀ tó wà lára ike) jẹ́ 30 sókè, kí aago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti abẹ́ ibòji. Ẹ lọ bá olùkọ́ wọn pé kó má fi wọ́n sí orí pápá fún ìtò àárọ̀ tó ń pẹ́, kó sì mú wọn jókòó síwájú, torí ojú wọn kì í sábà ríran jìnnà. Tí kókó gbígbẹ kan bá wà lójú, létí tàbí lọ́rùn tí kò lọ láàárín oṣù kan, ẹ gbé wọn lọ. Ní kékeré, gígé rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ìpara tó ń mú ara mọ́ díẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe bíbóra o.

Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n pò sínú ike láìní orúkọ nítòsí gáréèjì, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó pò ó náà lè má mọ̀. NAFDAC kò gbà kí hydroquinone, kẹ́míkà tó ń bó àwọ̀ ara, ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìpara. Tó bá pọ̀, tó sì pẹ́, ó lè yí padà kó ba ojú jẹ́ pẹ̀lú àbàwọ́n dúdú tó ń dà bí aró, tí kì í fọ̀ kúrò. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìpara sìtẹ́rọ́ọ̀dù ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi nylọ́ọ̀nù. Ojú Fáńtà, ẹsẹ̀ Kóòkì, a ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Ohun tí wọn kì í rí ni ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bímọ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, tí abẹ́rẹ́ ń ya awọ bí ìgbà tí èèyàn ń rán bébà.

Kí ló dé tí oògùn jẹjẹrẹ fi ń mú irun bọ́?

Oògùn àtijọ́ kò mọ jẹjẹrẹ lójú. Ohun tó ń yára pín ló ń pa, sẹ́ẹ̀lì ìdí irun sì wà lára àwọn tó ń yára pín jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kì í sábà kú, ìdí nìyẹn tí irun fi ń padà hù tí ìtọ́jú bá parí.

Ewé àti egbò wa ńkọ́? Ṣé wọn ò lè wo jẹjẹrẹ ni?

Òdòdó kékeré pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé káàkiri Àkúrẹ́, tí a mọ̀ sí periwinkle. Láti inú rẹ̀ ni vincristine ti wá, tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé títí di òní. Torí náà èmi ò ní fi ewé ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba bíńtín nínú oògùn yẹn ni wọ́n ń fún ọmọ, inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Tó bá ṣì lọ sínú ògóòrò ẹ̀yìn, ó ń pani. Ẹni tó bá se òdòdó yẹn mu ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ohun kan tún ń bí mi nínú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé iṣẹ́ wá fún mi pé ewé báyìí pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo. Mo máa ń bi wọ́n pé: ṣé ẹ dán ọtí wò? Ṣé ẹ dán omi iyọ̀ wò? Àwọn náà pa á. Pípa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo kò ṣòro, èmi fúnra mi ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye nípa gbígbàgbé láti pààrọ̀ omi wọn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kó pa ti jẹjẹrẹ, kó fi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó péye sílẹ̀.

Kí ló le jù nínú iṣẹ́ yìí nílé níbí?

Iná. N kò ní dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Fíríìsà kan wà tó ń tutù dé dígíríì 80 sísàlẹ̀ òdo, ibẹ̀ ni mo kó ègé awọ àti irun tí àwọn obìnrin 60 fún mi, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Dísù jẹnẹrétọ̀ ti tán, ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú lọ sí ìsìnkú ní Ìkàrẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, omi ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀, lílọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn ìgò kéékèèké náà léfòó, orúkọ tí mo fi bírò kọ sára wọn ti ń ṣí. Iṣẹ́ ọdún 3 nìyẹn. Mo pe àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti tọrọ àforíjì. Ọ̀kan ní, "Ẹ má bínú, Dókítà, ẹja tiwa náà bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn."

Kẹ́míkà tó yẹ kó wà nínú yìnyín tún máa ń sùn ní pápákọ̀ òfurufú Èkó fún ọjọ́ 9. Ìyẹn kò tó fíríìsà yẹn.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Kò dìgbà tó bá lọ jìnnà. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Àkúrẹ́, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ìpínlẹ̀ wà ní Oǹdó, ti Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá. Báyókẹ́místìrì, máíkíróbáyọ́lọ́jì, ìmọ̀ lábù ìṣègùn, gbogbo wọn lè gbé e débẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ tó lè fi ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, ó sì ń bọ́ni nígbà tí ìwádìí kò bá tíì mú owó wá. Kó kọ́ ìṣirò dáadáa, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tú data. Iye jíìnì tí a ń kà lẹ́ẹ̀kan báyìí kọjá ohun tí èèyàn lè fi ojú wò. Jù gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ wò ó bóyá ọmọ tó lè tún nǹkan ṣe ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá láìbínú ni.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Ìyá mi náà ṣì ń béèrè.

Mo ní nǹkan dúdú kan lẹ́sẹ̀. Ṣé o lè bá mi wò ó?

Ẹ lọ bá dókítà awọ ara. Tí kò bá sí nítòsí yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ẹ sì rí i dájú pé ẹ gba èsì rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ṣì máa fi hàn mí. Àbúrò ìyá mi, onídìrí yẹn, ó ti lé ní 70 ọdún báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó bọ́ bàtà rẹ̀ síwájú mi nínú òkùnkùn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Àmì dúdú kan wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó tó orí ìṣó, etí rẹ̀ kò gún. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mo fi àrékérekè gbé e sábẹ́ fóònù kó má rí i. Mo ní ká lọ lọ́la. Ó ní ọ̀la ọjọ́ ọjà ni. Mo ní ká lọ lọ́la. A lọ, wọ́n gé e, ọ̀sẹ̀ 2 àti ọjọ́ 3 ni a fi dúró de èsì, èmi nìkan ló mọ bí mo ṣe sùn. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ ni, bàtà tuntun ló fà á.

Mo ka èsì náà sí i létí ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ki kóòmù bọ irun ẹni tó ń dì, ó ní, "Ó dáa. Oògùn orí pípá yẹn ńkọ́? Ọkọ mi ní kí n tún bi ọ́."